Bọ́ọ̀lù Ìlú Ọba láàárọ̀, ti Amẹ́ríkà lálẹ́: bí ẹ ṣe lè to òpin ọ̀sẹ̀ yín ní Houston

Ẹni tó bá dé Houston láti Ìbàdàn tàbí Èkó, tó rò pé bí òun ṣe ń wo Premier League nílé náà ni òun yóò ṣe máa wò ó níbí, aago ni yóò kọ́kọ́ kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Nílé, ọ̀sán Sátidé ni eré ń bẹ̀rẹ̀. Èèyàn á ti fọṣọ, á ti jẹun, á wá rọra rìn lọ síbi ìwòran. Níbí, tí ẹgbẹ́ yín bá ní eré àkọ́kọ́ ọjọ́ náà nínú oṣù Kìíní, ilẹ̀ kò ní tíì mọ́ nígbà tí wọ́n bá wọ pápá. Tí ẹ bá wá fi bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kún un, ìyẹn MLS, líìgì bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwọn, èyí tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méje ààbọ̀ alẹ́, Sátidé yín lè gùn tó wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù nìkan.

Ó ṣeé ṣe láìjẹ́ pé ilé dàrú. Ẹ fi tẹlifíṣọ̀n wo ti Ìlú Ọba, ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rìn lọ wo ti Amẹ́ríkà, kí ẹ sì sùn láàárín méjèèjì.

1. Ẹ yanjú ọ̀rọ̀ aago ní Ọjọ́bọ̀

Houston fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn London. Eré Sátidé tó bẹ̀rẹ̀ ní 12:30 ọ̀sán lọ́hùn-ún, 6:30 òwúrọ̀ ni níbí. Ti aago mẹ́ta ọ̀sán bọ́ sí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, ti 5:30 ìrọ̀lẹ́ sì bọ́ sí 11:30. Lọ́jọ́ Àìkú, ti aago méjì di aago mẹ́jọ òwúrọ̀, ti 4:30 di 10:30. Eré alẹ́ Ẹtì tàbí alẹ́ Ajé tí wọ́n fi sí aago mẹ́jọ, aago méjì ọ̀sán ló máa jẹ́ fún wa, ìyẹn ni pé ẹnu iṣẹ́ ni yóò bá yín. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Atlanta, Maryland tàbí New York, ẹ fi wákàtí kan kún gbogbo rẹ̀.

Oṣù Kẹta àti ìparí oṣù Kẹwàá ló ń da ìṣirò yìí rú. Amẹ́ríkà máa ń sún aago síwájú ní Sọ́ńdè kejì oṣù Kẹta, ṣùgbọ́n Ìlú Ọba kì í sún tiwọn títí di Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù náà. Ní gbogbo àkókò yẹn, wákàtí márùn-ún péré ló wà láàárín wa, eré 6:30 á sì di 7:30. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ọ̀sẹ̀ kan láàárín Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá àti Sọ́ńdè àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá. Nàìjíríà ní tiwọn kì í yí aago rárá. Wákàtí mẹ́fà ni wọ́n fi ṣíwájú wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn Amẹ́ríkà, ó ń di méje nígbà òtútù, nítorí náà ẹ ṣírò dáadáa kí ẹ tó pe ẹ̀gbọ́n yín nílé pé kí ẹ jọ bú rẹfirí.

Ìdí tí mo fi ní Ọjọ́bọ̀ ni pé àtẹ eré tí wọ́n ń gbé jáde kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Tẹlifíṣọ̀n máa ń fa eré láti Sátidé sí Sọ́ńdè, ẹgbẹ́ tó bá sì gbá bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, Sọ́ńdè ni wọ́n sábà máa ń sún eré tiwọn sí. Ẹ wo áàpù Premier League lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì kọ eré méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ máa wò sílẹ̀. Ẹni tó bá ní gbogbo rẹ̀ lòun máa wò kò ní rántí ìkankan tó bá fi di ọjọ́ Ajé.

2. Ẹ mọ ìkànnì tí eré kọ̀ọ̀kan wà

Láti 2013 ni NBC ti ń gbé Premier League jáde ní Amẹ́ríkà, àdéhùn tó wà nílẹ̀ yóò sì gbé wọn dé 2028. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí: òmíràn ń lọ sórí NBC fúnra rẹ̀, òmíràn sórí USA Network, òmíràn sì wà lórí Peacock nìkan, orí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó káàkiri, ẹ mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni NBC. Áńtẹ́nà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé á mú KPRC, ìkànnì 2, fún yín ní Houston, eré 11:30 Sátidé sì sábà máa ń bọ́ síbẹ̀. Peacock ni kí ẹ máa sanwó fún ní oṣooṣù. Tí sáà bá parí nínú oṣù Karùn-ún, ẹ dá a dúró títí di oṣù Kẹjọ.

FA Cup wà lọ́dọ̀ ESPN. Championship, ìpele tó wà lábẹ́ Premier League, àti Carabao Cup wà lórí Paramount+. Ní tèmi, ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní Championship nìkan ló yẹ kó máa san ti Paramount+ lóṣooṣù. MLS wà lórí Apple TV láti 2023. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbà fún un, ṣùgbọ́n láti 2026, ẹni tó bá ti ń san ti Apple TV ti ní gbogbo eré MLS nínú.

Àpótí tí wọ́n máa ń tà fún èèyàn níbi òde, tí wọ́n ní ó ń mú gbogbo ìkànnì ayé, ẹ fi í sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gbá pẹ́nárítì ló máa ń dúró gbagidi.

Ọ̀kan wà tí a fi sàn ju àwọn ará London lọ, mi ò sì ní yé fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún àwọn ẹbí mi lọ́hùn-ún. Ní Ìlú Ọba, láti 2:45 sí 5:15 ọ̀sán Sátidé, wọn kì í gbé bọ́ọ̀lù jáde lójú ẹsẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Láti àwọn ọdún 1960 ni òfin yìí ti wà. Bob Lord, alága Burnley nígbà náà, ló jà fún un, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé tí àwọn èèyàn bá ti lè jókòó sílé wo ẹgbẹ́ ńlá, wọn ò ní lọ sanwó wo ẹgbẹ́ kékeré àdúgbò wọn mọ́. Nítorí náà, àbúrò yín tó ń gbé ní Peckham, tí bọ́ọ̀sì lè gbé dé Stamford Bridge, kò lè wo eré aago mẹ́ta nílé. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Alief ní Houston níbí á wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́.

3. Alẹ́ Ẹtì

Tí ẹ bá ń ta Fantasy, eré orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ti ń yan agbábọ́ọ̀lù Premier League, ẹ parí ẹ̀ kí ẹ tó sùn. Ìṣẹ́jú 90 ṣáájú eré àkọ́kọ́ ọ̀sẹ̀ náà ni ilẹ̀kùn ń tì. Tó bá jẹ́ pé eré 12:30 Sátidé ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, aago márùn-ún ìdájí ni ilẹ̀kùn tì ní Houston. Tí eré bá wà lálẹ́ Ẹtì lọ́hùn-ún, 12:30 ọ̀sán Ẹtì ni, ẹnu iṣẹ́ náà nìyẹn. Ẹ má ṣe dìde láàárín òru láti dúró de orúkọ àwọn tó máa bẹ̀rẹ̀ eré, torí ẹ̀yìn tí ilẹ̀kùn bá ti tì ni wọ́n ń kéde rẹ̀.

Oúnjẹ ńkọ́? Àwọn ilé oúnjẹ Nàìjíríà tó wà lápá Bissonnet kì í ṣí ní aago mẹ́fà àárọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fi àkàrà àti ògì wo bọ́ọ̀lù, ẹ bó ẹ̀wà, ẹ lọ̀ ọ́ lálẹ́ Ẹtì, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì láìtíì fi iyọ̀ sí i. Ẹni tó bá tan bẹ̀ńdà ní aago mẹ́fà ìdájí Sátidé yóò wá ibòmíràn tí yóò ti wo bọ́ọ̀lù ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kí ẹ sì sùn ní aago mẹ́wàá. Mo mọ̀ pé kò rọrùn.

4. Àárọ̀ Sátidé

Eré 6:30, ilé ni kí ẹ ti wò ó. Ẹ rẹ ohùn tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ bo ẹnu tí gólù bá wọlé, pàápàá tí ẹ bá ń gbé ní ilé alájà tí ògiri rẹ̀ kò nípọn.

Ti aago mẹ́sàn-án ló le jù, nítorí eré mẹ́rin tàbí márùn-ún lè máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ jókòó tì í. Ẹni tó ń fo láti ìkànnì dé ìkànnì máa ń rí àtúnwò gólù ni, kì í rí bí gólù ṣe wáyé. Bí ẹgbẹ́ kan ṣe ń lo apá òsì fún ogún ìṣẹ́jú kí apá ọ̀tún tó ṣí, ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ nìkan ló ń rí i.

Tí ẹ bá fẹ́ ariwo, ẹ jáde fún ti 11:30. Àwọn ilé ọtí tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì jáde wà ní ìlú yìí. Richmond Arms lójú ọ̀nà Richmond wà lára àwọn tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù mọ̀ dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n kí ẹ mọ aago tí wọ́n máa ṣí àti ẹgbẹ́ tó ń pàdé níbẹ̀, torí ẹgbẹ́ ńlá kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀ka olólùfẹ́ tirẹ̀ ní àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà, ibi tí ẹ̀ka kan bá sì ti ń pàdé, tiwọn ni ọjọ́ náà. Ẹ má wọ ẹ̀wù Tottenham wọ ibi tí àwọn Arsenal kún, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Òfin Texas kò gbà kí wọ́n ta ọtí ṣáájú aago méje àárọ̀ Sátidé. Ti ọjọ́ Àìkú tún le sí i: ṣáájú ọ̀sán gangan, kò sí ọtí àfi kí aago mẹ́wàá ti lù, kí oúnjẹ sì wà níwájú yín.

5. Ọ̀sán

Eré Ìlú Ọba parí ní nǹkan bí aago kan ààbọ̀. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ lọ sí ọjà, ẹ gbé àwọn ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù tiwọn, lẹ́yìn náà ẹ sùn fún wákàtí kan. Tí òde ìgbéyàwó bá wà, ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé káàdì ìpè tó sọ aago mẹ́rin, aago méje ni, ẹ ò sì ní lè débi pápá mọ́ lọ́jọ́ náà.

6. Ẹ mú ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà

Ibí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń yọ ẹsẹ̀. Wọ́n á ní bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kò tó bọ́ọ̀lù. Òótọ́ ni pé kò yára tó ti Premier League, kò sì sí ẹni tó ń jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń fẹ́ràn Arsenal tàbí Chelsea láti kékeré, tí kò fojú kan pápá wọn rí, ó yẹ kó mọ ohun tó jẹ́ láti jókòó síbi tí a ti ń gbọ́ ìró bàtà lára bọ́ọ̀lù. Houston Dynamo wà láàárín ìlú yín, ẹ ò sì nílò físà láti dé ọ̀dọ̀ wọn.

Òfin ìdíje wọn yàtọ̀, ẹ kọ́ ọ kí ó má bàa dà bí awúrúju. MLS bẹ̀rẹ̀ ní 1996, ọdún méjì lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà gbàlejò ife àgbáyé. Ẹgbẹ́ 30 ló wà níbẹ̀ láti 2025 tí San Diego ti wọlé, mẹ́ta nínú wọn sì wà ní Kánádà. Wọ́n pín wọn sí Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn; Ìwọ̀-Oòrùn ni Houston wà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá eré 34. Kò sí pé ẹnikẹ́ni já sí ìpele ìsàlẹ̀, èyí ló sì ń bí ọmọ Nàìjíríà nínú jù, torí ìdùnnú wa ni kí a máa wo ẹni tó máa já. Dípò ìyẹn, mẹ́sàn-án láti apá kọ̀ọ̀kan ń wọ ìdíje àṣekágbá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ẹni tó gba ife. Ẹgbẹ́ tó ní àmì ayò jù ní gbogbo sáà ń gba àmì ẹ̀yẹ ọ̀tọ̀, Supporters' Shield, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá ọdún náà. Ní 2025, Inter Miami ti Messi ló gba ife, wọ́n na Vancouver 3-1 nínú oṣù Kejìlá.

Owó oṣù pàápàá ní gbèdéke. Àwọn gbajúmọ̀ mélòó kan nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nìkan ni wọ́n lè san jù bẹ́ẹ̀ lọ fún. Nítorí David Beckham tó lọ sí LA Galaxy ní 2007 ni wọ́n ṣe dá òfin yẹn sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí ẹni tó ti gba ife àgbáyé àti ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní yunifásítì nínú ẹgbẹ́ kan náà. Ẹ má fi ojú Premier League wọ̀n wọ́n. Ẹ wò wọ́n bí ìdíje tí ẹnikẹ́ni lè na ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá ń wá ohun tó so ìhà méjèèjì pọ̀, ó wà. Stan Kroenke tó ni Arsenal ló ni Colorado Rapids. Àwọn tó ni Manchester City wà lára àwọn tó ni New York City FC. Tiwa-n-tiwa náà sì wà níbẹ̀: Ọbáfẹ́mi Martins, ọmọ Èkó, tó gbá bọ́ọ̀lù fún Newcastle, tó sì jẹ gólù tí Birmingham fi na Arsenal 2-1 ní Wembley nínú oṣù Kejì 2011, nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, tí aṣọ́lé àti ẹlẹ́yìn Arsenal ń wo ara wọn lójú. (Birmingham já sí ìpele ìsàlẹ̀ ní sáà yẹn kan náà. Kò tù mí nínú.) Ní 2013 ó wá sí Seattle Sounders, nígbà tó sì di 2014 ó jẹ gólù 17 nínú líìgì, Seattle gba Supporters' Shield. Lápá àwọn obìnrin, Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, gbá bọ́ọ̀lù ní Liverpool, ó gba FA Cup pẹ̀lú Arsenal ní 2016, ó sì wá sí Bay FC ní California ní 2024. Houston Dash, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìlú wa, pápá kan náà ni wọ́n ń lò pẹ̀lú Dynamo, èrò ibẹ̀ sì ń fara balẹ̀ fún ẹni tó kó ọmọ lọ́wọ́.

7. Ẹ lọ sí pápá

Shell Energy Stadium ni wọ́n ń pè é báyìí, ó wà ní EaDo, lápá ìlà-oòrùn àárín ìlú. Wọ́n ṣí i ní 2012, ó sì gba ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún èèyàn lọ. Ẹ má gbé ọkọ̀ débẹ̀ tí ẹ bá lè yẹra fún un. Ọkọ̀ ojú irin METRO, ti aláwọ̀ ewé tàbí ti aláwọ̀ àlùkò, ń dúró ní EaDo/Stadium, ẹsẹ̀ mélòó kan ló kù.

Orí fóònù ni tíkẹ́ẹ̀tì wà. Ẹ ṣí i kí ẹ tó kúrò nílé, kí bátìrì sì kún. Àpò tí a ń rí inú rẹ̀ kedere nìkan ni kí ẹ gbé, torí wọ́n á dá àpò aláwọ padà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá tó bá fi mọ́íń-mọ́íń sínú báàgì yóò jẹ ẹ́ tán níta.

Ooru Houston kì í ṣeré. Bí wọ́n tilẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní 7:30 alẹ́, nínú oṣù Kẹfà sí Kẹsàn-án ilẹ̀ ṣì gbóná. Tí ẹ bá ń yan ìjókòó, ẹ yẹra fún apá tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ oòrùn á gún yín lójú títí fún ọ̀pọ̀ nínú abala àkọ́kọ́. Ẹ mu omi kí ẹ tó wọlé.

Ẹ wọ aṣọ ọsàn, àwọ̀ Dynamo nìyẹn. Tí ẹ bá fẹ́ ìlù àti orin, ẹ ra ìjókòó lẹ́yìn òpó, níbi tí Texian Army àti El Batallón, àwọn ẹgbẹ́ olólùfẹ́ Dynamo, wà. Ìdúró ni wọ́n ń wò ó níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń jókòó, orin Spéènì sì pọ̀ níbẹ̀ bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ti lu àkúbà rí á mọ ibi tí yóò ti wọlé. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ lè lọ lọ́dún, ẹ lọ lọ́jọ́ tí FC Dallas bá wá. Ìbọn àgbá kan tí wọ́n ń pè ní El Capitán ni ẹ̀bùn ẹgbẹ́ tó bá borí nínú eré àwọn méjèèjì lọ́dún.

Ẹ má béèrè ìgbà tí Dynamo gba ife MLS kẹ́yìn níwájú wọn. Wọ́n gbà á ní 2006 àti 2007, ó ti pẹ́. US Open Cup tí wọ́n gbà ní 2018 àti 2023 ni kí ẹ sọ̀rọ̀ bá wọn.

Ní báyìí, oṣù Kejì ni sáà MLS ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń parí nínú oṣù Kejìlá; nítorí náà nígbà tí Ìlú Ọba bá sinmi nínú oṣù Kẹfà àti Keje, bọ́ọ̀lù ṣì wà fún yín. Wọ́n ti kéde pé láti àárín 2027 ni wọ́n máa bá Yúróòpù rìn: wọn yóò bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Keje, wọn yóò parí nínú oṣù Karùn-ún, wọn yóò sì sinmi nígbà òtútù. Ẹ gbádùn ti ìsinsìnyí kó tó yí padà.

8. Ọjọ́ Àìkú

Eré aago mẹ́jọ kò ní wàhálà, ẹ wò ó bí ẹ ṣe ń lọ aṣọ. Ti 10:30 ni ọ̀tá ìsìn. Ó sì sábà máa ń jẹ́ eré ńlá, irú Arsenal pẹ̀lú Liverpool, nígbà tí pásítọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ní ká ṣí Bíbélì wa. Ẹ má fi fóònù sábẹ́ Bíbélì, àwọn tó wà lẹ́yìn yín ń rí i. Ẹ ṣe é báyìí: kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ pa ìfitónilétí gbogbo áàpù bọ́ọ̀lù, kí ẹ sì ti gbogbo ẹgbẹ́ WhatsApp pa, títí kan ti ẹbí, torí ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín ni yóò kọ́kọ́ kọ “Ah, Saka!” síbẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, ẹ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde, níbi tí àwọn ọkùnrin kì í dúró sí. Ẹ wo àtúnwò rẹ̀ lódindi lórí Peacock lẹ́yìn ìyán. Èyí tó bá wà lórí Peacock nìkan máa ń tètè wà nílẹ̀. Ti USA Network lè pẹ́ kó tó dé ibẹ̀, nítorí náà ẹ wo ibi tí eré náà wà kí ẹ tó dìde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Eré MLS kan lè wà lórí Apple TV ní alẹ́ Sọ́ńdè. Ẹ wo abala àkọ́kọ́ tí ẹ bá níṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Tí eré Premier League bá sì wà lọ́jọ́ Ajé, aago méjì ọ̀sán ni: ẹ sún oúnjẹ ọ̀sán yín síwájú, kí ẹ jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú fóònù lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ẹ sì padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá lọ sinmi.